Ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tí à ń ṣe ẹ̀rọ l'Òṣogbo

Àwọn ìbéèrè tó wà níbí làwọn èèyàn máa ń bi wá jù, yálà ọmọ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wẹ́dà l'Òkè-Baálẹ̀ ni o, tàbí ọmọ yunifásítì tó ń ṣe project ọdún ìkẹyìn, tàbí ìyá onígààrí tí ẹ̀rọ ẹ̀ dákẹ́ lọ́jọ́ ọjà. Mo kó wọn jọ síbì kan kí ẹnu mi lè sinmi. Ẹni tó bá ń kánjú kó lọ tààrà síbi tó kàn án.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ ṣe ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́, shaft (ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ) wo ni kí n rà?

Àbúrò, ìbéèrè yẹn ò tíì pé. Kí ló máa yí i, ẹ́ńjìnnì àbí motor iná? Hp (agbára ẹṣin) mélòó? Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan? Púlè tó máa wà lórí ẹ̀ tóbi tó mélòó, báwo ló sì ṣe jìnnà sí bíárìn (ohun tó gbé shaft dúró tó fi ń yí) tó? Èyí tí mo fi parí yẹn lọ̀pọ̀ èèyàn kì í bèèrè, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ gan-an ni shaft ti ń kú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Ká ní motor hp 5 lẹ ní, tó ń yí 1440 ní ìṣẹ́jú kan. Hp kan jẹ́ 0.746 kW, hp 5 á jẹ́ 3.73 kW. Púlè orí motor jẹ́ 100 mm, ti orí ẹ̀rọ jẹ́ 300 mm, torí náà ẹ̀rọ á máa yí 480. Fún torque, ìyẹn agbára tó ń lọ́ shaft, ẹ sọ kW di ìlọ́po 9550 kẹ́ ẹ wá fi rpm (iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan) pín in, nǹkan bíi 74 Nm lẹ máa rí. Tó bá jẹ́ lílọ́ yẹn nìkan ló ń bá shaft jà, tẹ́ ẹ sì gbà pé irin tí wọ́n gbẹ́ ojú key sí (ihò tí irin kékeré tó ń so púlè mọ́ shaft ń wọ̀) ò gbọ́dọ̀ gbé ju 40 MPa lọ (MPa la fi ń wọn bí ẹrù ṣe ń ni irin lára tó), bíi 21 mm ti tó. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á lọ ra 25 mm, inú ẹ̀ á máa dùn pé òun ti ṣe é lé.

Àmọ́ bẹ́líìtì kì í kàn yí shaft, ó tún ń fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́, ní gbogbo ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ ló ń fà á, ó sì lè fà á tó 1000 N lórí púlè tá à ń sọ yìí, ìyẹn bíi 100 kg. Tí púlè bá jìnnà sí bíárìn ní 120 mm, títẹ̀ tó ń tẹ shaft ti di 120 Nm nìyẹn, ó ti ju lílọ́ fúnra ẹ̀ lọ. Ẹ wá rántí pé ẹ̀gẹ́ kì í rọra wọlé, gìrì ni wọ́n máa ń dà á sí i, torí ẹ̀ lèmi ṣe máa ń sọ títẹ̀ (M) di ìlọ́po 2, kí n sọ lílọ́ (T) di ìlọ́po 1.5. Báyìí la ṣe ń kọ ọ́, d ni ìbú shaft, Nmm (Nm lọ́nà 1000) sì ni kẹ́ ẹ lò:

d³ = 16 ÷ (π × 40) × √[(2M)² + (1.5T)²]

Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sínú calculator, 32 mm àti díẹ̀ ló máa bọ́ sí, ìyẹn ni pé 35 mm lẹ máa rà. Ẹ wá sún púlè yẹn mọ́ bíárìn kó ku 60 mm, kẹ́ ẹ tún un ṣírò: kò ní tó 28 mm, shaft 30 mm ti tó yín. Ẹ ò náwó kankan o, púlè lẹ kàn sún. Ẹni tó bá ń bi mí ní "shaft wo" láìsọ ibi tí púlè wà, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún un.

Shaft mi kán, mo pààrọ̀ ẹ̀, ó tún kán síbi kan náà. Ṣé ayédèrú irin ni wọ́n ń tà fún mi ni?

Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ kẹ́ ẹ tó lọ bá onírin jà, ẹ wo ojú ibi tó ti kán. Ẹ má fi fáìlì rà á, ẹ má sì máa fi àjákù méjèèjì gbo ara wọn, ẹ̀rí ló wà níbẹ̀ yẹn. Tí apá kan bá ń dán, tó ní ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tó tẹ̀ lé ara wọn, tí apá kékeré tó kù wá rí ṣákaṣàka, ó ti pẹ́ tó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ nìyẹn, ọjọ́ tó kán yẹn kàn jẹ́ ọjọ́ ìkẹyìn ẹ̀ ni. Irú ẹ̀ kì í sábà jẹ́ ẹjọ́ onírin, ẹjọ́ títẹ̀ síwá sẹ́yìn àti igun ni. Àmọ́ tó bá kán bíi ṣọ́ọ̀kì ìkọ̀wé tí èèyàn fọwọ́ lọ́ títí tó fi ṣẹ́, tí ojú ẹ̀ dà gẹ̀rẹ́ tó sì yí po, lílọ́ ló pa á, irin yẹn sì ti le jù.

Lọ́pọ̀ ìgbà igun ni. Ẹ ní kí onílathe fá shaft láti 35 sí 30 kí bíárìn lè rí ibi dúró sí, òun náà sì gé igun yẹn ṣánṣán, ó mọ́ rekete, ó dáa lójú, àmọ́ ibẹ̀ ni sísán máa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kó jẹ́ kí igun yẹn rọra yípo díẹ̀. Tó bá jẹ́ bíárìn ló máa dúró ti igun ọ̀hún, yíyípo yẹn ò gbọ́dọ̀ ju èyí tó wà létí bíárìn lọ, bíi 1 mm ni fún bíárìn tí nọ́ńbà ẹ̀ jẹ́ 6206, tó bá jù bẹ́ẹ̀ bíárìn ò ní jókòó dáadáa. Bákan náà, ojú key ò gbọ́dọ̀ parí sórí igun yẹn gan-an.

Kí ni nọ́ńbà orí bíárìn ń sọ, kí ló dé tí tèmi kì í pẹ́?

Ẹ mú nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, kẹ́ ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 5: 6205, ihò ẹ̀ jẹ́ 25 mm, 6206 jẹ́ 30, 6207 jẹ́ 35. UCP207 (bíárìn tó ti wà nínú ilé ẹ̀) náà, shaft 35 ló wà fún. Láti 04 lọ sókè ni o, torí 00 jẹ́ 10 mm, 01 jẹ́ 12, 02 jẹ́ 15, 03 sì jẹ́ 17.

Ti pé kì í pẹ́, níbi ẹ̀rọ ẹ̀gẹ́ omi ẹ̀gẹ́ ni ọ̀tá àkọ́kọ́. Mo máa ń rí i tí wọ́n lẹ bíárìn mọ́ ara àpótí tí ẹ̀gẹ́ wà nínú ẹ̀, omi á gba ara shaft lọ sínú bíárìn tààrà, gírísì á fọ̀ dànù, ó di kó máa ké. Ẹ gbé bíárìn kúrò lára àpótí, ẹ fi àyè sílẹ̀ láàárín, kẹ́ ẹ de rọ́bà roboto kan mọ́ shaft níbi àyè yẹn kí omi lè máa ta dànù sílẹ̀ kó tó débẹ̀. Rọ́bà yẹn ò wọ́n rárá.

Ọ̀tá kejì ni òòlù. Tó bá jẹ́ pé òrùka inú bíárìn ló ń fún mọ́ shaft, òrùka yẹn ni kẹ́ ẹ ti, ẹ fi páìpù tó ṣe rẹ́gí sí i. Tẹ́ ẹ bá ń gbá òrùka ẹ̀yìn ẹ̀, àwọn bọ́ọ̀lù inú ẹ̀ lẹ ń fi lu ojú ọ̀nà wọn, ó ti bàjẹ́ kó tó ṣiṣẹ́. Tó bá ń ṣagídí, ẹ fi sínú ọ́ìlì gbígbóná tó tó 110°C, ẹ má jẹ́ kó kọjá 120, ẹ má sì fi iná gáàsì bù ú. Gírísì àkúnfàya náà ò dáa, ó máa ń mú un gbóná.

Iná ò dáa, mo wá yọ motor, mo fi ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù sí ẹ̀rọ mi, ṣùgbọ́n ó ń gbọ̀n bíi pé ó fẹ́ fò. Kí ni mo ṣe?

Púlè lẹ ò pààrọ̀. Motor yín ń yí 1440, ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù kékeré lè yí tó 3600 tẹ́ ẹ bá fún un ní gbogbo ẹ̀. Pẹ̀lú púlè 100 sí 300 yẹn, ẹ̀rọ tó ń yí 480 tẹ́lẹ̀ ti ń yí 1200, ìlọ́po méjì àbọ̀. Ibi tó ti wá le ni pé agbára tó ń fa nǹkan jù síta kì í bá eré gùn bẹ́ẹ̀, ìlọ́po méjì àbọ̀ lọ́nà méjì ni, ó ti di ìlọ́po 6.25. Dọ́ọ̀mù tó ń rin ẹ̀gẹ́, tí kò dọ́gba díẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ní 480, ló ń mi gbogbo férémù yẹn. Ẹ pa á ná. Kẹ́ ẹ má ṣe tíì lọ fi kọnkéré mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀.

Kó lè padà sí 480, ẹ nílò ìdínkù 7.5. Púlè 75 mm á fẹ́ èkejì tó tó 560 mm, ta ló fẹ́ gbé ìyẹn? Ẹ ṣe é ní ìpele méjì pẹ̀lú shaft kan láàárín, tàbí kẹ́ ẹ ra ẹ́ńjìnnì tó ti ní ìdínkù 2:1 lára láti ilé iṣẹ́ wá, èyí tó máa yí 1800 fún yín, 100 mm sí 375 mm á ṣe é. Ẹni tó bá ní ẹ́ńjìnnì Lister 6/1 àtijọ́, hp 6 tó ń yí 650 péré, ìṣòro tiẹ̀ yàtọ̀, òun ò ní ṣe ju kó dín in kù díẹ̀ lọ.

Bẹ́líìtì mi ń yọ̀, ó ń jó, ó ń rùn. Ṣé kí n fà á le sí i?

Ẹ kọ́kọ́ wo inú púlè. Ẹ̀gbẹ́ ni bẹ́líìtì V fi ń mú púlè, kò gbọ́dọ̀ kan ìsàlẹ̀. Tí ìsàlẹ̀ ojú ọ̀nà púlè bá ń dán, púlè yẹn ti jẹ tán, tẹ́ ẹ bá wá ń fà á le títí, bíárìn lẹ máa pa. Ẹ tún wò ó bóyá bẹ́líìtì A lẹ fi sínú púlè B: A fẹ̀ tó 13 mm, B tó 17 mm. Púlè kékeré fún A ò dáa kó kéré ju 75 mm lọ, fún B 125 mm.

Fún fífà, ẹ wọn àárín púlè méjèèjì, ẹ fi ìka tẹ àárín bẹ́líìtì, kó wọlé tó bíi 1.6 mm fún 100 mm kọ̀ọ̀kan. Tí àárín wọn bá jẹ́ 600 mm, nǹkan bíi 10 mm nìyẹn. Ẹ fi okùn na ojú púlè méjèèjì kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá wọ́n tò. Tó bá jẹ́ bẹ́líìtì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ pààrọ̀ méjèèjì pọ̀, torí ọ̀kan tuntun ọ̀kan àlòkù, ọ̀kan ṣoṣo ló máa ṣiṣẹ́.

Motor mi kọ̀ kò gbéra nírọ̀lẹ́, àmọ́ láàárọ̀ kì í yọ mí lẹ́nu.

Iná yín ló rẹlẹ̀. National Control Centre tí wọ́n ti ń darí iná gbogbo Nàìjíríà, Òṣogbo níbí ló wà, síbẹ̀ ẹ wo ohun tó ń wọlé fún wa! Tí iná bá bọ́ sí 180 láti 230 volt, volt yẹn ti di 78%, àmọ́ agbára tí motor fi ń gbéra kì í dúró síbẹ̀, 78% lọ́nà méjì ni, ó ti di nǹkan bíi 61%. Ẹ tan ẹ̀rọ kẹ́ ẹ tó da ẹ̀gẹ́ sí i, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wáyà tó wọlé nípọn tó. Motor ńlá ò ní yanjú ẹ̀, ó tún lè fà á wálẹ̀ sí i.

Férémù tí mo fi ń fún omi ẹ̀gẹ́ jáde pẹ̀lú jáàkì tọ́ọ̀nù 30 ti tẹ̀, bẹ́ẹ̀ ṣánẹ́ẹ̀lì (irin tó rí bíi lẹ́tà U) 100 mm méjì ni mo lò.

Ó yẹ kó tẹ̀. Tọ́ọ̀nù 30 jẹ́ nǹkan bíi 300,000 N. Tí jáàkì bá ń ti àárín, tí òpó méjèèjì sì jìnnà síra wọn ní 700 mm, ẹ sọ 300,000 di ìlọ́po 0.7, ẹ fi 4 pín in: 52,500 Nm. Ṣánẹ́ẹ̀lì 100 × 50, section modulus ẹ̀ (ìwọ̀n bó ṣe lè kọ títẹ̀ tó) jẹ́ nǹkan bíi 41 cm³ tẹ́ ẹ bá gbé e dúró, méjì á jẹ́ 82. 52,500 pín sí 82 jẹ́ 640 MPa, mild steel (irin lásán) sì ti máa ń tẹ̀ tí kò ní padà mọ́ ní nǹkan bíi 250. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ́ ṣánẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀ gbalaja bí mo ṣe máa ń rí i, 41 yẹn ò ní tó 9 mọ́.

Ṣánẹ́ẹ̀lì 200 mm méjì á gbé e, ó máa bọ́ sí bíi 137 MPa. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n bi yín, ta ló ní ẹ̀gẹ́ fẹ́ tọ́ọ̀nù 30? Omi nílò àsìkò láti jáde, tẹ́ ẹ bá fi agídí tẹ̀ ẹ́, àpò ló máa ya. Lójú tèmi, jáàkì tọ́ọ̀nù 10 pẹ̀lú ṣánẹ́ẹ̀lì 140 mm méjì, bíi 101 MPa, kẹ́ ẹ máa fi sùúrù fún un léraléra, ó sàn ju èyí tó fẹ́ fọ́ òkúta lọ. Ẹ má sì ní ẹ ò ní fi jáàkì 30 tẹ̀ ẹ́ dé òpin o, ẹ ò ní sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ìyá onígààrí bá fi páìpù gígùn sí ọwọ́ jáàkì.

Mágínẹ́ẹ̀tì ò mú irin tí mo rà. Ṣé stainless gidi ni?

Ó lè jẹ́ stainless, àmọ́ ìyẹn ò sọ pé 304 ni, ìyẹn irú stainless tó yẹ fún oúnjẹ. 201 tó jẹ́ irú stainless mìíì náà, mágínẹ́ẹ̀tì kì í mú un dáadáa, bẹ́ẹ̀ kò lè bá omi ẹ̀gẹ́ jà bíi 304. Omi ẹ̀gẹ́ kan, ó máa ń jẹ irin. Ẹ ra á lọ́wọ́ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀, kẹ́ ẹ jẹ́ kí gbogbo ibi tí oúnjẹ ń kàn jẹ́ 304, ẹsẹ̀ àti férémù lè jẹ́ mild steel. Níbi tẹ́ ẹ bá ti fẹ́ jó méjèèjì pọ̀, ọ̀pá wẹ́dà 309L ni, 308L wà fún stainless sí stainless. Páìpù galvanized, ẹ fá zinc ojú ẹ̀ kúrò kẹ́ ẹ tó jó o, èéfín ẹ̀ máa ń dá ibà síni lára.

Ṣé mo lè fi shaft ọkọ̀ àlòkù ṣe shaft ẹ̀rọ?

Ẹ lè lò ó, ó lágbára, àmọ́ ojú ẹ̀ ti le, á jẹ tool onílathe. Ohun tí mi ò gbà ni pé kẹ́ ẹ jó púlè mọ́ ọn. Irú irin bẹ́ẹ̀ máa ń sán létí ibi tí wọ́n bá jó, ó lè má hàn lónìí. Ẹ gbẹ́ ojú key: shaft 30 sí 38 mm, key 10 × 8, shaft 22 sí 30, key 8 × 7.

Bóòtù ń tú.

Ẹ kọ́kọ́ wá ohun tó ń mú ẹ̀rọ gbọ̀n. Lẹ́yìn náà, nọ́ọ̀tì méjì lórí ara wọn, tàbí nọ́ọ̀tì onírọ́bà, àmọ́ onírọ́bà ò dáa nítòsí agbada tí wọ́n ti ń yan gààrí, ooru á yọ́ ọ. Bóòtù tí wọ́n kọ 8.8 sí lórí ni kẹ́ ẹ rà síbi tó ń gbẹ́rù.

Ṣé ó burú kí n wo ẹ̀rọ ẹlòmíì ṣe tèmi?

Kò burú rárá, ibẹ̀ ni gbogbo wa ti kọ́ iṣẹ́. Ìlú tí wọ́n gbé ilé iṣẹ́ Machine Tools sí láti 1980 rèé, tí wọ́n tún gbé ilé iṣẹ́ irin Steel Rolling sí, ọ̀pọ̀ ọ̀gá tá à ń wárí fún ló jẹ́ pé wíwo ọwọ́ ẹlòmíì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n tán. Àwọn èèyàn máa ń wọn ohun tójú rí, gígùn, ìbú, gíga, wọn ò ní ka eyín, wọn ò ní wọn púlè, wọn ò ní bèèrè iye tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń yí. Wọ́n á wá sọ ọ́ di ńlá, ìlọ́po méjì gbogbo ẹ̀, láìrántí pé ohun tó tóbi ní ìlọ́po méjì lọ́nà gbogbo, ẹrù ara ẹ̀ ti di ìlọ́po 8.

Tí mo bá bèèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n máa ń dá mi lóhùn wẹ́rẹ́ ni, tàbí kí wọ́n dákẹ́. Báwo ni kí n ṣe bèèrè?

Ẹ sọ iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ kí ẹ̀rọ ṣe, ẹ má mú ẹ̀yà kan ṣoṣo wá. Ẹnì kan á ní òun ń wá motor hp 10, mélòó ni wọ́n ń tà á. Tẹ́ ẹ bá wá fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ẹ̀rọ tó ń lọ oúnjẹ adìyẹ ló ní, ó ń há, ó sì rò pé motor ò lágbára tó. Ẹ dé ibẹ̀, ihò àsẹ́ tó wà nísàlẹ̀ ti dí torí àgbàdo tútù ló ń dà sí i. Ká ní ó ra hp 10 yẹn, ó kàn máa lọ ẹrẹ̀ kíákíá ni.

Nítorí náà: kí lẹ ń lọ̀, kílò mélòó ní wákàtí kan, wákàtí mélòó lóòjọ́, hp mélòó, rpm mélòó, irin wo, kí ló bàjẹ́, ìgbà wo ló bàjẹ́, ṣé bó ṣe gbéra ni àbí lẹ́yìn tó gbóná. Ẹ yàwòrán ẹ̀ sórí ìwé kẹ́ ẹ kọ ìwọ̀n sí i, kò dìgbà tó bá rẹwà. Tẹ́ ẹ bá máa ya fọ́tò, ẹ fi téèpù sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ ti ṣírò, bó tiẹ̀ ṣì, torí ó rọrùn fún àgbà láti sọ pé "ibi báyìí lo ti ṣì í" ju kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Voice note tó gùn tí kò sí nọ́ńbà kankan nínú ẹ̀, àbúrò mi, a kì í gbọ́ ọ tán.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ bá ọ̀gá ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má lọ nígbà tí iṣẹ́ gbóná lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ kí i, ẹ dúró kó kúrò nídìí iná. Tí ìmọ̀ràn ẹ̀ bá ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́, ẹ padà wá sọ fún un, ọ̀pọ̀ kì í padà, ohun tó sì ń bí àwọn àgbà nínú jù nìyẹn.

Ọ̀gá méjì sọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún mi. Ta ni kí n gbọ́ tiẹ̀?

Ẹ má mú orúkọ ọ̀kan lọ bá èkejì, ìjà lẹ fẹ́ dá sílẹ̀ yẹn. Ẹ padà bi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rò mọ́ ọn tẹ́ ẹ fi sọ 40 mm?" Ẹ lè rí i pé ọ̀kan rò pé ẹ fẹ́ máa lò ó ní wákàtí méjì lóòjọ́, èkejì rò pé láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni. Àwọn méjèèjì lè tọ̀nà. Tí ẹnì kan ò bá rí ìdí kankan sọ ju "bá a ṣe ń ṣe é nìyẹn" lọ, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kẹ́ ẹ ṣì lọ ṣírò ẹ̀.

Ṣé dandan ni SolidWorks, software tí wọ́n fi ń yàwòrán ẹ̀rọ?

Rárá. FreeCAD wà lọ́fẹ̀ẹ́, pẹ́ńsù àti rúlà náà wà. Simulation aláràbarà tí èèyàn fún ní ẹrù tí kò rí bẹ́ẹ̀, irọ́ aláwọ̀ púpọ̀ ló máa gbé jáde.

Kọ́sítọ́mà ní ẹlòmíì máa bá òun ṣe é lówó tó kéré sí tèmi. Kí ni kí n gé?

Ẹ gé ọ̀dà, ẹ gé nínípọn páànù tó kàn ń bo nǹkan, ẹ lo áńgù àìrọ́ọ̀nù àlòkù tó bá ṣì dáa fún ẹsẹ̀. Ẹ má gé shaft, ẹ má gé bíárìn, ẹ má sì gé ìbòrí bẹ́líìtì. Ìbòrí yẹn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ní kẹ́ ẹ yọ, bẹ́ẹ̀ àwọn obìnrin tó ń lo ẹ̀rọ yìí, ìró àti ìborùn ló wà lára wọn, ọmọ sì tún wà lẹ́yìn àwọn mìíì. Tí páànù bá wọ́n, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin ṣe é, kó jìnnà sí bẹ́líìtì débi tí ìka tó bá gba ihò ẹ̀ wọlé ò ní kan nǹkan kan, bóòtù ni kẹ́ ẹ fi dè é, kì í ṣe wáyà. Ẹ ka owó ẹ̀ mọ́ owó férémù, ẹ má kọ ọ́ lọ́tọ̀ sórí ìwé tẹ́ ẹ fún kọ́sítọ́mà, torí ohun tó bá wà lọ́tọ̀ ni wọ́n máa ń ní ká yọ.